ÀWO TÍ A KÌ Í GBỌ́

Èdè wa fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun méjì. Àwo ni èyí tí a ń bu oúnjẹ sí. Àwo náà ni èyí tí a fi orin pamọ́ sí. Bóyá nítorí pé àwọn méjèèjì rí róbótó tí wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ ni a ṣe pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ìbátan mìíràn tún wà láàrin wọn. Ta ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí kò mọ àwo tánganran tí ìyá rẹ̀ tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí a kò sì fi jẹun rí láti ọjọ́ tí a ti bí i? Wọ́n ní àlejò ni àwọn ń tọ́jú rẹ̀ dè. Àlejò a dé, a ó bu oúnjẹ fún un nínú àwo ojoojúmọ́, àlejò a sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwo orin rí lónìí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bi ara wa léèrè pé: ẹni tí ó ní àwo orin tí kì í gbọ́ ọ, kí ni ó ní gan-an?

Bàbá kan ń bẹ ní Festac Town, ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ìbéèrè yìí fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Ìlú náà fúnra rẹ̀, orin ni ó bí i. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ gba àwọn aláwọ̀ dúdú gbogbo ayé ní àlejò fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì, ọdún 1977, ni a kọ́ ọ sí ẹ̀bá ọ̀nà Badagry, kí àwọn akọrin àti oníjó lè rí ibi wọ̀ sí. Stevie Wonder wá sí Èkó nígbà náà, Miriam Makeba wá, Sun Ra sì kó àwọn onílù àti afunfèrè rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, a pín àwọn ilé náà fún àwọn ará ìlú, òṣìṣẹ́ ìjọba sì pọ̀ nínú wọn. Bàbá tí a ń wí jẹ́ ọ̀kan. Ní ìgbà èwe rẹ̀, Decca àti EMI ń gbé àwo jáde ní Èkó, owó oṣù sì ń tó ná. Ó ra ti Haruna Ishola, ó ra ti Yusuf Olatunji, ó ra ti I. K. Dairo, Obey, Sunny Ade àti Fela. Ó ra orin ìjọ pẹ̀lú. Pákó tí ó tò wọ́n sí gba ògiri kan látòkèdélẹ̀.

Láàrin gbogbo wọn, ọ̀kan wà tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀ ṣe. Olóògbé aya rẹ̀ ni ó dá orin nínú rẹ̀. A mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin lọ kí i, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń dá orin kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó gba ilé ìsìn kan. Bàbá mú páálí àwo náà jáde, ó nù ún, ó fi aworán tí ó wà lára rẹ̀ hàn wá, ó sì dá a padà sí ààyè rẹ̀.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìgbàkígbà tí abẹ́rẹ́ bá kọjá lára àwo yìí, ó ń họ díẹ̀ lọ nínú ohùn ìyá yín. Ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.”

A bínú kúrò níbẹ̀, kí a má purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú wa rọ̀, a rí i pé òtítọ́ ni bàbá sọ. Ipa tóóró kan ni a gbẹ́ sára àwo, tí ó ń yí i ká láti etí títí dé àárín. Abẹ́rẹ́ ni ó ń tọ ipa náà, tí ó sì ń gbọ̀n bí ipa náà bá ti wọ́. Ohun méjì tí ń fi ara gbo ara, ọ̀kan yóò máa jẹ èkejì. Àwọn àwo àtijọ́, tí a fi oje tí kòkòrò ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ṣe, tí ojú kan wọn kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, abẹ́rẹ́ irin ni a fi ń lù wọ́n, a sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò pààrọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan a lu ogún àwo. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ń dún lónìí bí ẹni ń yan gúgúrú. Àwo fáínẹ̀lì gígùn tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948 sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò le bí èyí àtijọ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì fúyẹ́. Síbẹ̀, òun náà ń gbó.

Bàbá kò sì dá wà. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ ICM ṣe ìwádìí fún BBC ní Britain, wọ́n sì rí i pé nínú àwọn tí ó ra àwo láàrin oṣù kan, ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n rà. Ìdá méje kò tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọn yóò fi gbọ́ ọ. Èyí jọ ẹni tí ó ra ìjánu tí kò ní ẹṣin, a kò sì fẹ́ fi àkókò wa ṣòfò lórí rẹ̀; ẹni tí ó fẹ́ fi àwo ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri, kí ó ṣe é, owó rẹ̀ ni. Àwọn wọ̀nyí kò gbọ́ nítorí pé wọn kò bìkítà. Bàbá wa kò gbọ́ nítorí pé ó bìkítà jù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó sì le.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa yóò ti rántí ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ó ri tálẹ́ńtì mọ́lẹ̀, wọn yóò sì fẹ́ dá bàbá lẹ́bi kíákíá. Ẹ ṣe sùúrù. Owó tí a fi ṣòwò lè pọ̀ sí i. Àwo tí a ń gbọ́ kì í pọ̀ sí i. Bí a bá fẹ́ àfiwé tí ó tọ́, kí a wo aṣọ sányán. Ẹni tí ó bá fi í ṣe aṣọ ìwọ̀lé ti ba ogún jẹ́. Ẹni tí ó bá sì tì í mọ́ inú àpótí láìsá a lóòrùn rí, kòkòrò ni yóò bá a pín in.

Ẹ tún jẹ́ kí a gba ti bàbá rò síwájú. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá-bàbá Fela, kọ orin ìsìn Yorùbá fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London, 43 ni orin náà. Ó dájú pé a gbọ́ wọn nílé lóko nígbà náà, a sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ilé mélòó ni a lè wọ̀ ní Abẹ́òkúta lónìí tí a óò bá ọ̀kan nínú wọn? Ibi tí a ti rí wọn tọ́jú ni British Library ní London, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fi wọ́n jó ní ọjọ́ ìsìnmi. Àwọn tí a gbọ́ ti kú; àwọn tí a kò gbọ́ ni ó yè. Ǹjẹ́ bàbá kò ha jàre?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Ohun kan ni ó dí i lọ́wọ́. Ní ibi ìpamọ́ ìwé, a kọ orúkọ àwo sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì béèrè lè gbọ́ ọ. Àwo náà dákẹ́, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ tí a lọ sí Festac, ọmọ-ọmọ bàbá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún wa. A bi í pé kí ni ó wà lórí pákó yẹn. Ó ní, “Àwọn nǹkan Bàbá Àgbà ni.” Láti ọjọ́ tí a ti bí ọmọ yìí ni ó ti ń rí páálí tí aworán ìyá rẹ̀ àgbà wà lára rẹ̀. Kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Gbogbo wa ni a mọ bí ó ti máa ń rí. Bàbá a kú, àwọn ọmọ a pé láti kó ilé, wọn a bá àwo dúdú bẹẹrẹ tí wọn kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹnì kan a mú owó díẹ̀ wá, a sì kó o lọ nínú páálí ọṣẹ. Àwọn àjèjì tí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ àwo wa ni ó mọ iye tí ó tó. Soundway, tí a dá sílẹ̀ ní Britain ní 2002, tún orin àtijọ́ ilẹ̀ wa gbé jáde fún gbogbo ayé. A kò bá wọn jà. A kò lè fi ohun tí a kò gbọ́ du ẹni tí ó gbọ́ ọ. Bàbá ń ṣọ́ àwo náà lọ́wọ́ abẹ́rẹ́, kò sì rántí pé ènìyàn náà lè gbó kúrò lára àwo. Ìpa tí abẹ́rẹ́ ń pa á, díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ẹni kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n bá kú, gbogbo rẹ̀ ni ó bá a lọ lọ́jọ́ kan.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò wí pé kí a sáà dà á sínú kọ̀ǹpútà, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó dára, kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni yóò ná wa. Ṣùgbọ́n orin ẹgbẹ̀rún mélòó ni ó wà nínú fóònù wa nísinsìnyí tí a kò tíì ṣí?

A kọ gbogbo èrò yìí sínú lẹ́tà sí bàbá, kò sì dá a lóhùn. Nígbà tí ọyẹ́ dé ni ó ránṣẹ́ pè wá. Ó ní kí àwọn ọmọ lọ fọ ọwọ́, kí wọ́n sì nù ún gbẹ. Ó fi àwo náà hàn wọ́n, ó kọ́ wọn bí a ti ń di etí rẹ̀ mú tí ìka kì í kan ojú rẹ̀, ó sì pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ó wá gbé e ka orí ẹ̀rọ. Ariwo díẹ̀ kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan dá orin, àwọn yòókù sì gbè é.

Ọmọ náà wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó wo bàbá. “Bàbá, ta ni ń kọrin yẹn?”

Bàbá sọ fún un. Nígbà tí ojú kìn-ín-ní parí, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń retí pé yóò yí i padà, ṣùgbọ́n ó ti ń ki í bọ inú páálí. Ó ní ojú kejì di ọdún tí ń bọ̀, kí wọ́n mú àwọn àbúrò wọn lọ́wọ́.