ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ta Ló Yẹ Kí A Sọ Fún Pé Kó Ní Ìtẹ́lọ́rùn?

  

*Bíbélì kíkà: Fílípì 4:10-18*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Sábó ní Ṣágámù, ẹ mọ obì. Obì gbànja tí wọ́n ń ká lóko Rẹ́mọ ni àwọn Hausa ti ń wá rà lọ́wọ́ wa tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n ń kó lọ sókè Ọya. Ilé obì ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi á rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, a ó bó o, a ó fi ewé tẹ́ agbọ̀n, a ó kó o sí i. Kò tíì tán o! Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a ó tún tú agbọ̀n, a ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò kó má baà ran ìyókù.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, iṣẹ́ yẹn ń tì mí lójú. Ọkọ̀ ń kọjá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tọ̀sán tòru. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ń lọ ni ayé wà. Ìyá mi kì í bá mi jiyàn. Á kàn ní, "Ẹni tó máa jẹ obì yìí ní Kánò kò mọ̀ mí. Ọlọ́run mọ ẹni tó ṣà á." Obìnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ o. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti dé oko. Ó tún mọ owó ná dáadáa. Ṣùgbọ́n kò fi ayé ẹlòmíì díwọ̀n tirẹ̀. Olúwa wa Jésù náà, ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù (Lúùkù 3:23). Káfíńtà ni àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ọdún wọ̀nyẹn kò ṣòfò.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ti ṣìnà.

Mo ti di alàgbà nínú ìjọ nígbà tí arábìnrin kan tó ń dín gàrí wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Owó WAEC ọmọ rẹ̀ kò pé. Mo ṣí Tímótì Kìn-ín-ní orí 6, mo kà á sí i létí, mo ní kó ní ìtẹ́lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó lọ. Ọmọ náà kò ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn.

Owó wà lọ́wọ́ mi o. Táìlì pálọ̀ ni mo ń tọ́jú ẹ̀ fún. Pálọ̀ mi ò jò, ilẹ̀ ibẹ̀ ò ya. Mo kàn rí ti ọ̀rẹ́ mi ni. Nínú àwa méjèèjì, ta ni kò ní ìtẹ́lọ́rùn?

Ẹ tún Fílípì kà dáadáa. Pọ́ọ̀lù tó wà nínú ìdè ló ń sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ló sì ń sọ nípa rẹ̀. Ó ní òun *kọ́* ọ ni. Wọn ò bí i mọ́ ọn. Ní ẹsẹ 14, ó yin àwọn ará nítorí pé wọ́n bá òun pín nínú ìpọ́njú. Tó bá ní ìtẹ́lọ́rùn, kí ló ń dúpẹ́ ẹ̀bùn fún? Ìtẹ́lọ́rùn kò ní kí á má gba ìrànlọ́wọ́, àbí kí á má ṣe é. Ìtẹ́lọ́rùn tèmi, èmi ni kí n kọ́ ọ. Àìní aládùúgbò mi, èmi náà ni kí n bójú tó o.

Ní Ìkẹ́nnẹ́ tiwa níbí, ọdún 1920 ni bàbá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú, ọmọ ọdún 11 ni ọmọ náà. Oríṣiríṣi iṣẹ́ ló ṣe kó tó rí owó ilé-ìwé. Nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀, kò wàásù ìtẹ́lọ́rùn fún ọmọ tálákà. Ní 1955, ìjọba rẹ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo san owó WAEC yẹn, mo sì tọrọ àforíjì. Ìyá ọmọ náà dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ọdún kan tó lọ lọ́wọ́ ọmọ yẹn, mi ò lè dá a padà.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká tú agbọ̀n wa wò láràárọ̀. Ìlara jẹ́ kòkòrò kan. Fífi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìní, kòkòrò ni òun náà, ó sì burú jù nítorí aṣọ mímọ́ ló wọ̀.

*Iṣẹ́ òní:* Kí o tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ṣe sùúrù, bi ara rẹ pé kí ló wà lọ́wọ́ rẹ.

*Àdúrà:* Olúwa, kọ́ mi kí ohun tí mo ní tó mi, kí n lè rí ẹni tí tirẹ̀ kò tó. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o.