Bí Bárakú Ṣe Ń Kú



Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń da ọkàn ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ láàmú nígbà tí wọ́n bá kúnlẹ̀ níwájú àlùfáà láti jẹ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ tí mo jẹ́wọ́ ní oṣù tí ó kọjá náà ni mo tún gbé wá lónìí, ǹjẹ́ ìrònúpìwàdà mi ìṣáájú jẹ́ òtítọ́ bí? Ẹ̀dá kékeré kan, èyíinì ni eku, lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn, bí a bá mọ ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí sí.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wà tí à ń pè ní B. F. Skinner, ẹni tí a bí ní 1904 tí ó sì kú ní 1990. Ó a máa fi eku tí ebi ń pa sínú àpótí kan tí irin kékeré wà lára ògiri rẹ̀. Bí eku bá tẹ irin náà, hóró oúnjẹ kan yóò bọ́ sílẹ̀ fún un. Láìpẹ́, eku a mọ̀ ọ́n, a sì máa tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí Skinner kò sí nítòsí, ẹ̀rọ tí ń pín oúnjẹ há. Nígbà tí ó padà dé, ó rí i lórí ìwé tí ẹ̀rọ ń fa ìlà sí pé eku náà ti tẹ irin títí, pé ó ń sinmi pẹ́ sí i láàárín ìtẹ̀ kan sí èkejì, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣíwọ́ pátápátá. Kò sí ẹni tí ó fi pàṣán nà án. Oúnjẹ ni kò jáde mọ́. Ní 1938, Skinner gbé ìwé ńlá kan jáde lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ rí nínú ọ̀ràn yìí. Èkíní, nígbà tí oúnjẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró, eku kì í tètè jáwọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ṣe ni yóò túbọ̀ máa tẹ irin kíkankíkan, tí yóò tilẹ̀ máa gé e jẹ. Èkejì, eku tí ó ti ń rí oúnjẹ ní gbogbo ìgbà tí ó bá tẹ irin a máa tètè jáwọ́ ju èyí tí ó ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ̀kẹta, bí eku bá ti jáwọ́, tí a gbé e kúrò láti sinmi, tí a sì dá a padà sínú àpótí ní ọjọ́ kejì, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irin. Àṣà àtijọ́ kò parẹ́. Ó sùn ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí wò lára àwa ènìyàn. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń fi ẹkún gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ pinnu pé òun kò ní gbà mọ́. Ní ọjọ́ kìíní, ẹkún náà le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ìyá bá juwọ́ sílẹ̀ ní wákàtí yẹn, ó ti kọ́ ọmọ pé ẹkún kíkan ni ó ń mú àkàrà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó kọ ọtí tàbí tẹ́tẹ́ sílẹ̀, tí ó wá ń sọ pé, “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni.” Ẹ̀ẹ̀kan náà ni oúnjẹ tí ó ń mú kí bárakú pẹ́ láyé. Nítorí náà, kí ẹni tí ìdánwò rẹ̀ gbóná sí i lẹ́yìn ìpinnu má rò pé Ọlọ́run ti kọ òun. Ebi ni ó ń pa bárakú náà.

Bí àṣà àtijọ́ bá sì jí, kì í ṣe ẹ̀rí pé ìrònúpìwàdà jẹ́ irọ́. Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní 1992 kọ́ wa pé bárakú lè dín ẹ̀bi ènìyàn kù. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí a jókòó tì í. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pinnu láti yẹra fún ibi àti ẹgbẹ́ tí ń múni dẹ́ṣẹ̀. Olúwa wa pẹ̀lú kìlọ̀, nínú Ìhìnrere Mátíù orí kejìlá, nípa ilé tí a gbá mọ́ tí a sì fi sílẹ̀ lófo, tí ẹ̀mí àìmọ́ fi padà wọ̀ ọ́ pẹ̀lú méje mìíràn. Kò tó kí a lé àṣà búburú jáde. A ní láti fi rere dí àyè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni ẹ̀kọ́ eku parí sí. Nínú ìwé kan tí ó gbé jáde ní 1971, Skinner jiyàn pé òmìnira tí ènìyàn ń fọ́nnu lé kì í ṣe bí a ti rò ó. Ìjọ kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Eku kò mọ ìdí tí oúnjẹ fi dúró. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni àpótí wà. Ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn oúnjẹ bárakú rẹ̀, kí ó sì bẹ Ọlọ́run fún oore-ọ̀fẹ́ láti má ṣe ṣí i.

Kí a sì kíyè sí i pé òfin kan náà lè pa rere. Ọmọ tí ó ń sọ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì yìn ín, òtítọ́ lè kú lẹ́nu rẹ̀. Aya tí ó ń ṣe dáadáa lójoojúmọ́ láìgbọ́ “o ṣeun” kan, ọkàn rẹ̀ lè rẹ̀ ẹ́. Ojúṣe wa ni láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wa.

Síbẹ̀, bí ọpẹ́ kò bá wá ńkọ́? Bí a bá gbàdúrà tí kò dà bí ẹni pé ìdáhùn wà ńkọ́? Ẹni tí ó ń gbàdúrà bí eku ṣe ń tẹ irin yóò ṣíwọ́ nígbà tí hóró kò bá bọ́ mọ́. Ẹni tí ó fẹ́ràn Ọlọ́run kò ní ṣíwọ́, nítorí kì í ṣe hóró ni ó ń wá. Lórí àgbélébùú, kò sí èrè kan tí ojú rí, síbẹ̀ Olúwa wa fẹ́ràn wa dé òpin.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè: àṣà búburú wo ni mo ṣì ń bọ́ ní ìkọ̀kọ̀? Iṣẹ́ rere wo ni mo sì ti pa tì nítorí pé kò mú èrè wá? Kí Ọlọ́run fún wa ní agbára láti febi pa ti àkọ́kọ́, kí a sì jí èkejì dìde. Àmín.