Òkété Tí Ó Dàgbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Òbí Tí Àìsàn Rẹ̀ Kò Gbóògùn Mọ́

Àwọn àgbà ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sí ọmọ Ìgbómìnà kan tí yóò jiyàn pé ọmọ kò jẹ òbí rẹ̀ ní gbèsè ìtọ́jú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni ìgbà tí oníṣègùn bá ti sọ pé àìsàn náà kò ní wò mọ́. Ǹjẹ́ ojúṣe ọmọ ni kí ó máa gbé òbí rẹ̀ kiri títí ẹ̀mí yóò fi bọ́, tàbí kí ó wá ọ̀nà tí ara yóò fi tù ú ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó kù? Bí ó bá ṣe èkejì, ǹjẹ́ ó pa òbí rẹ̀ tì?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ìyá àgbà kan wà ní Òmù-Àrán tí jẹjẹrẹ ti tàn ká ara rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ní Èkó ní kí wọ́n ta ilẹ̀ kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Èyí tí ó wà ní Ìlọrin ní ilé àdúrà ni ó kàn. Àbúrò wọn obìnrin, tí ó ń yí ìyá padà lórí ẹní lóru, ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ìrora yìí ni kí ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fẹ́ràn ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn tí ó bi ìyá léèrè?

Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìfẹ́ ní irú àkókò yìí, ìbẹ̀rù ẹnu ayé ni. Ìrìn àjò tí a rìn kí ayé má baà bú wa, ara wa ni a rìn ín fún, aláìsàn ni ó sì ń fara gbá a. Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Ìwà ahun lè fi ara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìtura: ẹni tí kò fẹ́ náwó lè yára sọ pé ọjọ́ ti pé. Nítorí náà, oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ pé àìsàn kò gbóògùn, kì í ṣe àpò wa.

Ìtọ́jú ìtura kì í ṣe ìpatì. Ní 1967, Cicely Saunders, tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, ṣí St Christopher's ní London, irú ilé tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hospice. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìrora aláìsàn kì í ṣe ti ara nìkan. Ó wà nínú ọkàn, ó sì wà láàárín ẹbí. Ní 1993, Anne Merriman dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Kampala ní Uganda, níbi tí wọ́n ti ń po mọfíìnì olómi tí kò wọ́n, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tọ aláìsàn lọ sí ilé rẹ̀. Nílẹ̀ wa, UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka fún un. Àwọn ará Èsìẹ́ náà mọ̀ pé títọ́jú yàtọ̀ sí títúnṣe: ọ̀pọ̀ nínú èrè òkúta tí ó wà lọ́dọ̀ wọn ni ó ti fọ́, síbẹ̀ wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún wọn kí a tó kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ ní 1945.

Àwọn kan yóò ní kí àjèjì máa tọ́jú òbí ẹni lòdì sí àṣà. Ẹ jẹ́ kí a rántí bí àṣà náà ti rí. Ní agbo ilé àtijọ́, aláìsàn kì í ṣe ẹrù ẹnì kan: ìyàwó ilé ń se oúnjẹ, ọmọ ọmọ ń pọn omi, àwọn àgbà ń jókòó tì í. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ti lọ sí ìlú ńlá, ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di ti ẹnì kan. Nọ́ọ̀sì tí ó wọlé kò gba ipò ọmọ. Ọwọ́ ni ó fi kún ọwọ́. Ẹni tí a gbé sí yàrá ẹ̀yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kì í yọjú sí, ilé ni ó wà, ṣùgbọ́n a ti pa á tì.

Ta wá ni kí ó pinnu? Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí làákàyè rẹ̀ bá pé. A máa ń fi òdodo pamọ́ fún un kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn láti sọ: ilẹ̀ tí kò ì tíì pín, gbèsè tí ọmọ kò mọ̀, ìjà tí ó fẹ́ parí, ire tí ó fẹ́ sú. Ẹni tí a ń tàn pé ara rẹ̀ yóò yá lọ́la, ìgbà wo ni yóò pè wá jọ? N kò sọ pé kí a la ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lójú. Kí a rọra bi í pé, "Ìyá, kí ni ẹ fẹ́ kí a ṣe?" kí a sì gba ìdáhùn rẹ̀.

A tún máa ń sọ pé ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Nítorí òwe yìí, àwọn ẹbí mìíràn ń yáwó pa màlúù níbi ìsìnkú ẹni tí wọn kò ra ògùn ìrora fún. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ èdè mọ̀ pé ohùn nìkan ni ó ya "sin", tí a ń sin òkú, sọ́tọ̀ kúrò lára "sìn", tí a ń sìn alààyè. Òkú kò mọ iye màlúù tí a pa. Alààyè mọ ẹni tí ó yí òun padà lóru. Kí ọmọ kọ́kọ́ sìn, kí ó tó sin.