Omi Tó Dáa Lè Pa Ẹja

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé ní Adéwọlé mọ̀ pé ẹ kì í da ọmọ ẹja sómi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ó jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ léfòó fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí omi méjèèjì lè tutù dọ́gba, ẹ ó wá máa bu omi tuntun sí i díẹ̀díẹ̀. (Ti ẹja òkun inú gíláàsì tún le jù, torí iyọ̀.) Omi yẹn ò burú o. Òjijì ló ń pa ẹja.

Ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti abúlé ńkọ́? Lọ́jọ́ kan ṣoṣo: òfin ilé, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìbáwí. Ire lẹ ń rò, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí ẹja bá kú, ṣé omi la ó bá wí ni, àbí ọwọ́ tó dà á? Lónìí, ẹ jẹ́ kó jẹun, kó sùn ná.