Ẹni Tó Ń Retí Olúwa, Ṣé Kò Ní Ojúṣe Ni?

Inú bí mi ní Ìṣẹrí Olówóra ní ọjọ́ Ajé kan, ìbínú náà kò sì tíì kúrò lára mi. Bíríkìlà kan wà ládùúgbò wa tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọ́lé ní Bẹ́gà àti Magodo fi máa ń wá a wá. Ó ti ta gbogbo ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ fún un níbi tó ti ń jọ́sìn pé ìgbàsókè àwọn onígbàgbọ́ lọ sí ọ̀run ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé ẹni tó bá ṣì ń lé owó kiri ni yóò ṣẹ́kù sílẹ̀. Ló bá kó lọ sí ilé àdúrà. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń lọ sí Máìlì 12 ní ìdájí lọ ra tòmátò ẹ̀ṣà tí yóò wá tò sórí àtẹ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ti lé ọmọ wọn wálé nítorí owó ilé ìwé. Ọmọ náà jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí àtẹ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn. Bàbá rẹ̀ wá mú aṣọ funfun tí wọ́n fọ̀ fún un, ó sì fẹ́ máa lọ. Mo bi í pé ọmọ ńkọ́? Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ayé ti parí. Kí ni ọmọ yìí fẹ́ fi ìwé ṣe nígbà tí Olúwa bá dé?” Ìyàwó kò sọ̀rọ̀. Ó ń ṣa tòmátò rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, irú èwo nìyí? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Onígbàgbọ́ ni mí. Mo gbà tọkàntọkàn pé Jésù tó gòkè lọ yóò padà wá. Ohun tí n kò ní gbà láéláé ni kí ọkùnrin fi orúkọ Rẹ̀ sá fún ẹrù tí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ gbé lé e lórí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lókè ọ̀run, ṣé kò wá yẹ kó rí ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀ ni? Òtítọ́, ìtẹríba, inú rere, ọ̀rọ̀ sísọ, gbogbo rẹ̀ la mọ̀ mọ́ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti láya tó sì bímọ, ojúṣe rẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò. Bó gbààwẹ̀ títí tí ẹnu rẹ̀ bó, bí kò bá bọ́ ilé rẹ̀, ọmọlúàbí kọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bíbélì tí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ń gbé kiri pàápàá kò gbè wọ́n. Irú wọn ti wà ní Tẹsalóníkà láyé Pọ́ọ̀lù: wọ́n gbọ́ pé Olúwa ń bọ̀, wọ́n pa iṣẹ́ tì, wọ́n ń tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn. Pọ́ọ̀lù tó ń pa àgọ́ tà kí ó tó jẹun kò bẹ̀ wọ́n rárá. Nínú ìwé kejì tó kọ sí wọn, orí kẹta, ó pàṣẹ pé kí ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ má jẹun. Nígbà tó ń kọ̀wé sí Tìmótì, ó tún sọ ọ́ kó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí kò pèsè fún ará ilé rẹ̀ burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Àwọn oníwàásù ìgbàsókè kì í ka ibẹ̀ sókè.

Ní 2022 la rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń já sí. Ní oṣù kẹrin, ìròyìn gbòde láti Òmùò-Èkìtì pé pásítọ̀ kan ní kí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ san 310,000 náírà lórí ọ̀rọ̀ ìgbàsókè. Oṣù keje ọdún náà ni ọlọ́pàá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì Whole Bible Believers Church nílùú Oǹdó, tí wọ́n kó èèyàn 77 jáde, ọmọdé 26 wà lára wọn. Àwọn ọlọ́pàá sọ pé oṣù kẹrin ni ìjọ náà kọ́kọ́ dá fún ìgbàsókè, nígbà tí kò sì ṣẹlẹ̀, wọ́n sún un sí oṣù kẹsàn-án. Oṣù kẹsàn-án dé, ó sì kọjá lọ. Ní Kẹ́ńyà ní 2023, òkú tí wọ́n hú nínú igbó Shakahola lé ní 400: wọ́n ní oníwàásù wọn ló sọ pé kí wọ́n febi pa ara wọn kí wọ́n lè rí Jésù. Àwọn òbí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn! Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọlẹ́yìn William Miller ti dá 22 oṣù kẹwàá 1844, àwọn àgbẹ̀ kan nínú wọn sì fi irè oko sílẹ̀ láìkórè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Jésù kò sì dé.

Ìyá tó bí mi lọ́mọ, Aládùúrà ni. Kí oòrùn tó yọ, á ti mi agogo káàkiri àdúgbò pé Jésù ń bọ̀, kí ará múra. Bó bá ti gbé agogo sílẹ̀, ìdí ìkòkò ẹ̀kọ ló ń lọ. Ẹ̀kọ yẹn la jẹ, owó rẹ̀ la fi kàwé. Kò gbàgbé ọ̀run lọ́jọ́ kan, kò sì jẹ́ kí ebi sọ wá di alágbe. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ẹ tún wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó létí òkun ní 1947. Àwọn yẹn gbà pé àwọn ò tiẹ̀ ní kú. Síbẹ̀ wọ́n pẹja, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n fa iná mànàmáná, inú àpò kan náà ni owó wọn sì ń wọ̀. N kò gba ẹ̀kọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo kí wọn kú iṣẹ́.

Àwa ará Ìṣẹrí gan-an, ṣé a kò mọ bí a ṣe ń retí nǹkan ni? Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán, Odò Ògùn á kún wọ ilé láti Ìṣẹrí títí dé Ajégúnlẹ̀ àti Máìlì 12. Ta ló gbọ́ pé omi ń bọ̀ tó káwọ́ gbera? Gọ́tà la ó gbẹ́, bẹ́ẹ̀dì la ó gbé lé búlọ́ọ̀kù, a ó gbé arúgbó ilé kejì lọ síbi tó ga. Ìretí tòótọ́ a máa fi kún iṣẹ́ ẹni.

Mo mọ̀ pé ìlú le. Mo mọ̀ pé ìwàásù ìgbàsókè ti gba ọtí lọ́wọ́ àwọn kan, ó sì ti dá olè mìíràn padà lọ́nà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ fífi ọmọ sílẹ̀ di ohun mímọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ti bíríkìlà yìí sì tún burú jù, kò tíì kọ́lé kankan.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn tó wà ní Olówóra àti gbogbo Ìkòsí-Ìṣẹrí, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó gba ọkùnrin láyè láti máa sùn sí ilé àdúrà, ẹ bi í pé ta ló ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí kò bá rí èsì gidi fọ̀, ẹ lé e padà sílé, kí ó lọ ṣiṣẹ́.