Pèrègún Ààlà

Pèrègún jẹ́ igi kékeré tí ewé kì í tán lórí rẹ̀. Bí ẹ̀rùn bá mú, tí ọyẹ́ ń gbọn ewé igi mìíràn dànù, tútù ni tirẹ̀ máa ń wà. Ní Mákùn, ọ̀kan lára àwọn ìlú tó para pọ̀ di Ṣágámù ní 1872, àti káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ, ojúbọ, ẹ̀bá ibojì àti ààlà oko ni wọ́n ń gbìn ín sí. Ti ààlà yìí ló gbé ìbéèrè ńlá jáde. Bí ìdílé méjì bá fi pèrègún pààlà, tí àwọn tó gbìn ín sì ti kú, ta ni ẹlẹ́rìí? Ṣé igi náà ni?

Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò ní ṣe iyèméjì. Àwọn onífá gbà pé pèrègún ló ń pe irúnmọlẹ̀ wá sáyé, ojúbọ Ògún kì í sì í sábà ṣàìní in. Nítorí náà, ẹni tó hú pèrègún ààlà lóru kò rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ nìkan jẹ. Ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro lọ́hùn-ún, ní Tanzania, àwọn Chagga náà ń fi igi yìí pààlà. Ẹni tó bá ń wá àforíjì a sì mú ewé rẹ̀ lọ́wọ́ lọ bẹ̀bẹ̀. Ìwà igi náà gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí i: kì í wọ́wé tán, kì í sì í tètè kú.

Àìtètèkú yìí náà sì ni ọ̀dàlẹ̀ lè lò, torí gbígbìn rẹ̀ rọrùn. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, a ó gé ọ̀pá rẹ̀ tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, a ó wá rì í mọ́lẹ̀ láìdorí rẹ̀ kodò. Bí omi kò bá ti dúró sí ìdí rẹ̀, kò ní rà. Ẹni tó fẹ́ jí ilẹ̀ kò nílò ju àdá àti òru kan lọ.

Ara igi ni àgbà oko máa ń wò. Ìdí pèrègún tó ti pẹ́ máa ń nípọn, àpá ewé tó ti já a sì yí ọ̀pá rẹ̀ po bí òrùka lé òrùka. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ kò tíì fẹ̀, ọ̀mùnú kan tàbí méjì ló kàn ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí àdá ti gé e.

Síbẹ̀, igi kò lè dárúkọ ẹni tó gbìn ín. Ọ̀dọ̀ àwọn tó mú ọmọ wọn rin ààlà ni ìmọ̀ yẹn wà. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà 5 tí a lè gbà fi hàn pé ẹnìkan ló ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wà lára wọn. Pèrègún ń ti irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ni, kò lè rọ́pò rẹ̀. Inú àdéhùn àwọn tó gbìn ín ni ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti wá, nítorí náà nígbà tí olóko méjèèjì bá jọ ro ìdí rẹ̀, àdéhùn náà ni wọ́n ń sọ dọ̀tun.

Ó yẹ kí onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí tó ka pèrègún sí igi òrìṣà ro èyí kó tó hú u. Ti ojúbọ yàtọ̀ sí ti ààlà. Ẹni tó gbìn ti ààlà kò ní ká máa bọ ọ́. Bí igi bá gbó, tàbí tí ilé fẹ́ dé ibẹ̀, ìdílé méjèèjì la ó pè. Wọn a rì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ lójú ara wọn, ó sì di ìgbà tí tuntun bá ta gbòǹgbò kí wọ́n tó yọ ti àtijọ́.