Ilémosú àti Owó Ilé

Ní ayé àtijọ́, agbo ilé baba ọkọ ni ìyàwó ń wọ̀; kò sí ẹni tí ń háyà yàrá kí ó tó gbéyàwó. Bí ìgbéyàwó bá sì forí ṣánpọ́n, obìnrin lè dálémosú: ilẹ̀kùn ilé baba tirẹ̀ kò tì mọ́ ọn. Ní Èkó òde òní, inú yàrá àháyà ni ọ̀pọ̀ baba pàápàá ń gbé. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 fàyè gba onílé láti gba owó ọdún 1 lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ta ni yóò rí irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjà dé? Nítorí náà, àwọn tí ọkàn wọn ti kọ ara wọn ṣì ń sùn lábẹ́ òrùlé kan, a sì ń yìn wọ́n pé wọ́n ní sùúrù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lè lọ tí ó sì dúró ni onísùúrù. Ẹni tí kò ríbi lọ, òǹdè owó ilé ni.